Bí ìwé ẹni bá ju iṣẹ́ ẹni lọ, èwo nínú méjèèjì ni owó oṣù ń tẹ̀ lé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo gba BSc nínú ẹ̀kọ́ Microbiology, ìyẹn ìmọ̀ nípa àwọn kòkòrò àìrí, mo sì ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Ó di ọdún kẹta báyìí tí mo ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà nídìí kọ́ńtà báǹkì kan ní Òṣogbo, gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ kọ́ńtírààkì. OND ni wọ́n béèrè nígbà tí wọ́n ń gbà wá, àwọn tó ní OND tí a jọ wà nídìí iṣẹ́ náà sì ń gba iye kan náà pẹ̀lú mi. Ìyá mi ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí n lọ gba MSc, kí owó mi lè gòkè. Ṣé òótọ́ ni pé MSc yóò gbé owó mi sókè, àbí ọdún mẹ́rin tí mo lò ní yunifásítì ti ṣòfò?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, arábìnrin wa, ẹ sì bá mi kí màmá. Ọdún mẹ́rin yẹn kò ṣòfò. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ wà lónìí, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú èrè rẹ̀ ló lè tẹ̀ yín lọ́wọ́, bí ẹ bá sì gba MSc tí ẹ tún gbé e padà wá sí ìdí kọ́ńtà kan náà, bóyá ni yóò fi kọ́bọ̀ kan kún owó yín. Ìdí rẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe ló ń pinnu iye tí ìwé rẹ̀ yóò pa wọlé fún un. Mo fẹ́ ṣe àlàyé yìí ní kíkún, nítorí mo ti rí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó fi owó àti ọdún wọn lé ìwé ẹ̀rí kejì láìkọ́kọ́ béèrè irú iṣẹ́ tí ìwé náà yóò gbé wọn dé.

Tẹ́lẹ̀ rí, bí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀kọ́ ń fi kún owó oṣù, ńṣe ni wọ́n máa ń ka gbogbo ọdún tí ènìyàn lò nílé ẹ̀kọ́ pọ̀ sójú kan. Ìlànà tí Jacob Mincer gbé jáde ní 1974 nìyẹn, a ṣì ń lò ó títí dòní. Lójú ìlànà náà, ọdún kan nílé ẹ̀kọ́ kò yàtọ̀ sí òmíràn, ìbáà jẹ́ pé iṣẹ́ ẹni nílò rẹ̀, ìbáà sì jẹ́ pé kò nílò rẹ̀. Ní 1981 ni Greg Duncan àti Saul Hoffman, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, wá pín ọdún ẹ̀kọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí iṣẹ́ béèrè, èyí tó lé lórí ohun tí iṣẹ́ béèrè, àti èyí tó dín sí i. Ìwádìí tí wọ́n gbé ìṣirò wọn lé ti bi àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn léèrè ní 1976 pé ìwé mélòó ni ènìyàn gbọ́dọ̀ kà kí ó tó lè rí irú iṣẹ́ wọn gbà. Láàárín àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun tí wọ́n yẹ̀ wò, ọdún kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ béèrè ń fi nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 kún owó ẹni, ọdún kọ̀ọ̀kan tó lé ń fi nǹkan bí ìdá 3 kún un, ọdún kọ̀ọ̀kan tó dín sì ń yọ nǹkan bí ìdá 4 kúrò. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tún ìṣirò yìí ṣe ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Iye rẹ̀ máa ń yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn kì í sábà yí padà: ọdún tó lé ní èrè lórí, ṣùgbọ́n èrè náà kéré sí ti ọdún tí iṣẹ́ béèrè.

Ẹ jẹ́ ká fi náírà ṣe é, kí ó lè yé wa dáadáa. Lábẹ́ ètò 6-3-3-4, ẹni tó gba OND ti lo ọdún 14 nílé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin tí ẹ gba BSc ti lo 16. Ká ní ẹni tó ní OND ń gba ₦100,000 lóṣù nídìí iṣẹ́ tó béèrè OND. Àpẹẹrẹ lásán ni iye yìí o. Bí ìṣirò àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn bá bá ibi iṣẹ́ yín mu, ọdún méjì tí ẹ fi ju ẹni náà lọ yóò mú kí ẹ máa gba nǹkan bí ₦106,000 nídìí iṣẹ́ kan náà. Ká sì ní iṣẹ́ tó béèrè BSc lẹ wà, ọdún méjì kan náà yóò gbé owó yín dé nǹkan bí ₦112,000. Ìwé kan náà ni, ènìyàn kan náà sì ni. Àga tó jókòó lé lórí ló yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ìwé rẹ̀ dín náà kò ṣòro: ẹni tó ní ìwé mẹ́wàá tí wọ́n sọ di máníjà nílé iṣẹ́ ẹbí rẹ̀ yóò máa gba ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ní ìwé mẹ́wàá tí wọ́n ń ṣe akọ̀wé kékeré lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í sábà tó ti máníjà tó ní dìgírì.

Níbí ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kò tako ara wọn rárá. Ẹnì kan yóò ní ẹni tó kàwé ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ ń jèrè. Ẹlòmíràn yóò ní ńṣe ló ń pàdánù. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Bí a bá fi yín wé ẹni tó ní OND tí ẹ jọ wà nídìí kọ́ńtà, a lè retí pé kí ẹ fi díẹ̀ jù ú lọ. Bí a bá sì fi yín wé ẹni tí ẹ jọ kàwé jáde ní ọjọ́ kan náà, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun mímu, ẹ óò rí i pé ó jù yín lọ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìwádìí fi hàn pé ìwé tó lé ń pa owó tàbí pé kì í pa owó, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ni wọ́n fi wé ta.

Mo mọ̀ pé ẹ óò sọ pé, “₦6,000 yẹn náà ńkọ́? Èmi kò rí i.” Bẹ́ẹ̀ ni, ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà. Nínú ètò kọ́ńtírààkì tí àwọn báǹkì wa ń lò, ilé iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ló gbà yín síṣẹ́, báǹkì sì ti bá a ṣe àdéhùn iye tí yóò san lórí àga kọ̀ọ̀kan. Àga ni wọ́n díye lé. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ìbáà ní OND, ìbáà ní BSc, ìbáà tún jẹ́ ọ̀mọ̀wé, iye kan náà ni. Lester Thurow, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, ti fi irú èyí ṣe àlàyé ní 1975: iṣẹ́ ló ní owó lára, kì í ṣe òṣìṣẹ́, ìwé ẹ̀rí kàn ń sọ ẹni tí yóò dúró síwájú lórí ìlà àwọn tó ń wá iṣẹ́ ni. Gary Becker ti kọ́ wa ṣáájú rẹ̀, ní 1964, pé ohun tí ènìyàn mọ̀ ni agbanisíṣẹ́ ń sanwó fún. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bí Becker ṣe wí ní pọ́nbélé, ọdún tó lé ì bá máa pa iye kan náà pẹ̀lú ọdún tí iṣẹ́ béèrè; bí ó bá sì rí bí Thurow ṣe wí láìkù síbì kan, ọdún tó lé kì bá tí pa nǹkan kan. Ìṣirò Duncan àti Hoffman bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì. Ní ti ìdí kọ́ńtà yín, ọ̀dọ̀ Thurow ló fì sí pátápátá.

Ìlà tí Thurow ń sọ yìí gùn nílẹ̀ wa ju bí ó ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ní 2012, nígbà tí ilé iṣẹ́ Dangote polówó iṣẹ́ awakọ̀ akẹ́rù fún àwọn tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, àyè 100 péré ló wà, àwọn tó kọ̀wé béèrè sì lé ní 13,000. Ilé iṣẹ́ náà ní 6 nínú wọn ní PhD, 704 ní másítàs, àwọn tó ní dìgírì àkọ́kọ́ sì lé ní 8,000. Ẹ fi èyí wé ìgbà tí orílẹ̀-èdè yìí ń múra òmìnira: Yunifásítì Ìbàdàn nìkan ló wà, 1948 ni wọ́n sì dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìgbìmọ̀ Ashby, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1959, kò ní ìdààmú mìíràn ju pé àwọn tó kàwé kò ní tó láti di àyè iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀. Lónìí, yunifásítì ti lé ní 200, iṣẹ́ tó béèrè dìgírì kò sì pọ̀ sí i bí àwọn tó gba dìgírì ṣe ń pọ̀ sí i. Níbi tí ìlà bá ti gùn tó bẹ́ẹ̀, agbanisíṣẹ́ kò nídìí láti fi owó kún owó ẹni tí ìwé rẹ̀ lé. Ó mọ̀ pé bí ẹni náà bá lọ, ẹlòmíràn tó ní irú ìwé kan náà ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ má sì retí pé kí iye àwọn aláìríṣẹ́ tí ìjọba ń gbé jáde fi èyí hàn. Láti 2023 tí NBS, àjọ ìjọba tó ń ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, ti yí ìlànà rẹ̀ padà, ẹni tó bá ti fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ tó ń mówó wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ ti di ẹni tó níṣẹ́. Aláìríṣẹ́ tí wọ́n ní ó jẹ́ ìdá 33.3 nínú 100 ní ìparí 2020 wá di ìdá 4.2 ní àárín 2023. Nínú àkọsílẹ̀ irú yẹn, iṣẹ́ yín kò ní àléébù kankan. Ohun mìíràn tó tún mú kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro láti wọ̀n nílẹ̀ wa ni pé nǹkan bí ènìyàn 9 nínú 10 tó ń ṣiṣẹ́ ló ń ṣe tara wọn, kò sì sí ìwé ìkéde tó sọ pé ẹni tó fẹ́ ta aṣọ ní Gbági gbọ́dọ̀ ní ọdún ẹ̀kọ́ báyìí báyìí.

Ó wá ku ìbéèrè kan tí kì í dùn mọ́ àwa olùkọ́ yunifásítì láti dáhùn: ṣé iṣẹ́ tó kéré ju ìwé lọ ló ń dín owó kù ni, àbí ẹni tó ní ìwé náà gan-an ni kò ní ìmọ̀ tí ìwé rẹ̀ ń sọ pé ó ní? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Arnaud Chevalier ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2003 lórí àwọn tó gba dìgírì, ó sì pín àwọn tí ìwé wọn ju iṣẹ́ wọn lọ sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò jọ iṣẹ́ oní-dìgírì ṣùgbọ́n tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn; owó tiwọn fi ìdá 5 sí 11 nínú 100 dín sí ti àwọn tí iṣẹ́ wọn bá ìwé wọn mu. Àwọn tí iṣẹ́ kò tẹ́ lọ́rùn ni ìwé wọn ju iṣẹ́ wọn lọ ní tòótọ́, tiwọn sì fi ìdá 22 sí 26 dín. Ní Netherlands, Jim Allen àti Rolf van der Velden rí i ní 2001 pé ìwé tó ju iṣẹ́ lọ àti ìmọ̀ tí iṣẹ́ kò lò kì í ṣe ohun kan náà. Èyí àkọ́kọ́ ló ń dín owó kù jù. Èyí kejì ló ń mú kí iṣẹ́ sú ènìyàn tí yóò fi máa wá òmíràn. Nítorí náà, ẹ bi ara yín léèrè láìtan ara yín: bí wọ́n bá gbé yín sí yàrá àyẹ̀wò lọ́la, ṣé ẹ óò lè ṣe iṣẹ́ ibẹ̀? Ọdún mẹ́ta tí ẹ kò fi fọwọ́ kan awò tí a fi ń wo kòkòrò àìrí kì í ṣe kékeré.

Èyí kan apá mìíràn nínú ọ̀rọ̀ yín tí ẹ kò mẹ́nu bà. Yàtọ̀ sí pé ìwé yín ga ju iṣẹ́ yín lọ, ohun tí ẹ kọ́ tún jìnnà sí ohun tí ẹ ń ṣe. John Robst ṣe ìwádìí lórí èyí ní Amẹ́ríkà, ó jáde ní 2007. Ó rí i pé àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ tó gbòòrò, bí ìmọ̀ èdè àti ìmọ̀ nípa àwùjọ, ló máa ń bọ́ sídìí iṣẹ́ mìíràn jù, ṣùgbọ́n àdánù wọn kéré, nítorí ohun tí wọ́n kọ́ wúlò káàkiri. Àwọn tó kọ́ ohun tó dojú kọ iṣẹ́ kan pàtó, bí ìlera tàbí ẹ̀rọ, kì í sábà yà kúrò lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yà, àdánù wọn pọ̀. Lójú tèmi, ọ̀dọ̀ àwọn kejì yìí ni Microbiology súnmọ́.

Ṣé iṣẹ́ tó kéré sí ìwé ẹni jẹ́ àtẹ̀gùn, àbí ìdẹkùn? Nachum Sicherman, nínú ìwádìí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tó jáde ní 1991, rí i pé àwọn tí ìwé wọn ju iṣẹ́ wọn lọ máa ń tètè kúrò lọ sí iṣẹ́ tó ga. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tó jáde ní 2013 lórí àwọn ọ̀dọ́ ní apá Flanders ní orílẹ̀-èdè Belgium sọ òdìkejì: àwọn tó tètè gba iṣẹ́ tó kéré sí ìwé wọn pẹ́ gan-an kí wọ́n tó dé ìdí iṣẹ́ tó bá wọn mu, ju àwọn tó ṣì ń wá a lọ. Èmi kò ní tìtorí ìyẹn sọ fún yín pé ẹ jókòó sílé. Ní Belgium, ìjọba ń fún aláìríṣẹ́ lówó, níbí, ẹbí ni yóò máa bọ́ yín. Èyí tó wúlò fún wa jù ni ti Kánádà, tó jáde ní 2012: àwọn tó jáde yunifásítì nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó tó fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 dín, ó sì tó ọdún mẹ́wàá kí àlàfo náà tó dí. Kíkúrò ní ilé iṣẹ́ kan lọ sí èyí tó sàn ju ìyẹn lọ ló dí i fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó dúró sójú kan kò rí irú rẹ̀. Ẹ̀yin sì mọ̀ bí ìkéde iṣẹ́ ṣe rí nílẹ̀ wa: “ọjọ́ orí kò gbọdọ̀ ju 26 lọ” ń dúró de gbogbo ènìyàn.

Ní ti MSc, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún méjì, nínú àpẹẹrẹ ₦100,000 wa, owó oṣù tí ẹ óò pàdánù jẹ́ ₦2,400,000, a kò tíì ka owó ilé ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá padà sí irú iṣẹ́ tó béèrè OND, tí agbanisíṣẹ́ sì ṣàánú yín tó ń fi ìdá 3 san ọdún kọ̀ọ̀kan tó lé, ₦6,000 ni MSc yóò máa fi kún owó yín lóṣù. Oṣù 400 ni ẹ óò fi rí ₦2,400,000 yẹn padà. Ó lé ní ọdún 33. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọdún méjì lórí ìwé lè má jẹ́ ọdún méjì lójú ayé: ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2022 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì, oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó padà.

Ìwé tí mo lè bá yín fọwọ́ sí ni èyí tó ń ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ kan tí wọn kò lè gbà yín sí láìní in. Ẹ ṣọ́ra níbí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Microbiology tó láti fi di onímọ̀ yàrá àyẹ̀wò nílé ìwòsàn. Kò rí bẹ́ẹ̀, àjọ MLSCN ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà, BMLS, ìyẹn dìgírì nínú ìmọ̀ yàrá àyẹ̀wò ìṣègùn, sì ni wọ́n ń béèrè. MSc Microbiology kò tún ọ̀rọ̀ yẹn ṣe. Ó lè gbé ènìyàn dé ìpele àkọ́kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n PhD ni wọn yóò béèrè lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ olùkọ́, PGDE (ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ fún ẹni tó ti ní dìgírì) àti ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN (àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀) yóò jẹ́ kí ẹ lè bèèrè fún iṣẹ́ ìjọba ní ìpele 08, tí í ṣe ìpele oní-dìgírì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èmi ni, àwọn ilé iṣẹ́ oúnjẹ àti ohun mímu tí NAFDAC ń yẹ̀ wò ni n óò kọ́kọ́ lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Wọ́n nílò ẹni tó lè ṣe àyẹ̀wò ohun tí wọ́n ń ṣe, BSc yín sì ti tó fún iṣẹ́ náà bí ó ṣe wà. Bí owó ìbẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ kò bá tiẹ̀ ju ti báǹkì lọ, ẹ óò ti wà lórí àtẹ̀gùn tí ìwé yín lè gùn.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ kúkú jápa, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kan náà ń dúró lọ́hùn-ún. Ìwádìí Rachel Friedberg ní Ísírẹ́lì, tó jáde ní 2000, fi hàn pé ìwé tí ènìyàn kà nílẹ̀ òkèèrè kì í pa tó èyí tó kà nílẹ̀ tó dé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ díẹ̀ tó bá tún kọ́ níbẹ̀ lè gbé iye ti àtẹ̀yìnwá sókè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ oní-dìgírì láti ọ̀dọ̀ wa gba ọ̀nà ìwé àṣẹ iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó tí wọ́n ṣí ní 2022 wọlé, iṣẹ́ tí kò béèrè dìgírì rárá. Ní oṣù Keje 2025, wọ́n ti í mọ́ àwọn tó ń ti òkèèrè bọ̀.

Kí ẹ tó kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀, ẹ bi ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ohun méjì: ṣé wọ́n máa ń ṣe ìdánwò tí òṣìṣẹ́ kọ́ńtírààkì fi ń di òṣìṣẹ́ pípé, àti pé ṣé BSc yín wà nínú fáìlì yín? Mo mọ àwọn tó fi dìgírì pamọ́ kí wọ́n lè gbà wọ́n sí iṣẹ́ OND, tí wọn kò sì fi hàn mọ́. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bèèrè ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi ìwé ẹ̀rí kún fáìlì, kí ẹ sì ṣe é kí ìdánwò náà tó dé. Bí wọ́n bá sì sọ pé kò sí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, ẹ máa ṣe iṣẹ́ yín lọ, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí àwọn ilé iṣẹ́ tí mo sọ yẹn láti ọ̀sẹ̀ yìí.